Ẹni Tó Kọjá Okùn

Gbogbo ẹyẹ náà gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Ìbejì gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn kí ó tó rí wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá gbọn aṣọ ìbora ńlá nínú afẹ́fẹ́, ó sì yára gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú. Erékùṣù kékeré tó wà láàárín àbàtà, tó funfun báláú fún ẹyẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, ti di igi gbígbẹ àti ìtẹ́ lásán.

"Kí ló lé wọn?" ni ẹnì kan bèèrè.

Inú ahéré onípákó tí wọ́n kọ́ sétí omi fún àwọn tó ń wo ẹyẹ ni wọ́n wà, gbogbo wọn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, ojú kálukú wà níbi ihò gbọọrọ tí wọ́n gé sára ògiri. Ìyá Ìbejì rọra darí awò rẹ̀ sísàlẹ̀, síbi tí koríko odò ti ga ju èèyàn lọ. Fìlà ló rí níbẹ̀. Fìlà aláwọ̀ ewé ni, etí rẹ̀ fẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọ̀ ọ́ lánàá tó sá a. Ó wo àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ọkọ rẹ̀ ti ní òun fẹ́ lọ tọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ náà, Alága náà sì ni gbogbo wọn ń pè é. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́. Wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á di oúnjẹ dání, wọ́n á lọ lo odindi ọjọ́ kan níbi tí ẹyẹ bá pọ̀ sí. Ìyá Ìbejì kì í sábà bá wọn lọ. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ló ti ń ṣiṣẹ́, bí ó bá sì rí ọjọ́ ìsinmi, ó máa ń fi sùn ni. Ṣùgbọ́n tòní yàtọ̀. Àbàtà yìí kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn lè wọ̀. Omi tí gbogbo ìlú ń mu ti ibẹ̀ wá, ìjọba sì ti fi wáyà ṣọgbà yí i ká. Ní àsìkò tí àwọn ẹyẹ ẹlẹ́nu-ṣíbí bá ń yé, àwọn ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ẹnu wọn pẹrẹsẹ bíi ṣíbí, kò sí àlejò tó ń wọ ibẹ̀ rárá.

Àbúrò Ìyá Ìbejì ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ni ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ gẹ́ẹ̀tì. Òun ló lọ bẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ ẹyẹ bá fò. Ìyá Ìbejì kò gbà. Ó bi í bóyá ọkọ òun, tó gbà á sílé láti kékeré, kò tó ẹni tí wọ́n ń ṣí gẹ́ẹ̀tì fún. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú àbúrò rẹ̀ lọ bá ọ̀gá rẹ̀, tó sì fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró fún wọn.

Ní àárọ̀ òní, lẹ́nu gẹ́ẹ̀tì, àbúrò rẹ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Okùn pupa kan wà létí omi, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bí àwọn ẹyẹ bá fò kúrò lórí ẹyin, oòrùn á se ẹyin náà mọ́ inú èèpo, bí kannakánná ò bá ti kọ́kọ́ kó o jẹ. Alága fúnra rẹ̀ dìde dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó tún òfin náà sọ pẹ̀lú ohùn ẹni tó ti ṣe máníjà báǹkì rí, ó ní ẹni tó bá dójú ti ẹgbẹ́ yóò fẹsẹ̀ rìn délé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Kannakánná ló kọ́kọ́ dé. Wọn ò tilẹ̀ pariwo. Wọ́n kàn ń bọ̀ láti orí igi òdìkejì omi, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Ìyá Ìbejì rí èyí tó gbé ẹyin lọ. Ó rí òmíràn tó fa ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́ jáde nínú ìtẹ́, tó ń gbọ̀n ọ́n lẹ́nu. Ó fẹ́ gbé ojú kúrò, kò lè gbé e kúrò. Ẹni tó jókòó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Eyín nítorí iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, sọ awò tirẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó lójú, ó sì tún gbé awò náà padà.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ fèrè. Àbúrò rẹ̀ ń sáré bọ̀ lórí afárá onípákó.

Nígbà tí wọ́n fi máa jáde nínú ahéré, ó ti fo okùn náà, ó ti wọ inú ẹrẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Alága ti rì dé itan, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ sókè orí bí ìyá tó gbé ọmọ la odò kọjá, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ gbá a mú lábẹ́ abíyá, ó ń fà á, òun náà ń rì, ó ń fà á, títí wọ́n fi jọ já sórí pákó. Bí wọ́n ṣe dìde, ẹrẹ̀ dúdú ló bo àwọn méjèèjì, èèyàn ò lè sọ èwo nínú wọn ló kọ́kọ́ wọlé.

Bí ọ̀gá àbàtà náà ṣe bá wọn nìyẹn. Obìnrin kúkúrú kan ni, aṣọ kákí ló wọ̀, kò sì gbé ohùn sókè nígbà tó sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ wo erékùṣù náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló kọjá okùn?" ó ní.

Alága ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu ojú kámẹ́rà. "Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ẹ̀ṣọ́ yín ló ní kí n tẹ̀lé òun, pé òun mọ ọ̀nà kan tí kò ní da àwọn ẹyẹ láàmú. Èmi rò pé ẹ ti fún un láṣẹ ni."

Ìyá Ìbejì rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀gá náà yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Àbúrò rẹ̀ ò wo ọ̀gá rẹ̀, kò wo Alága. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wò. Ó wò ó bó ṣe máa ń wò ó nígbà tó wà ní kékeré, bí àwo bá fọ́ nílé tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jẹ ìyà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá Ìbejì la ẹnu. Ọkọ rẹ̀ di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó sì di í mú gírígírí. Kí ó tó rí ohùn tó máa fi sọ̀rọ̀, ọ̀gá náà ti na ọwọ́, àbúrò rẹ̀ ti já kọ́kọ́rọ́ gẹ́ẹ̀tì kúrò ní bẹ́líìtì, ó ti yọ káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, ó ti kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn àlejò máa padà sínú bọ́ọ̀sì wọn.

Nínú bọ́ọ̀sì tí kò tíì kúrò lẹ́nu gẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fi omi fọ ọwọ́, wọ́n ń wá ìdérí fúláàsì wọn, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìbínú kò tètè dé. Ìyàlẹ́nu ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ìtìjú, lẹ́yìn náà ni ìbínú dé, ó gbóná débi pé ó ṣí fèrèsé.

Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ sí i létí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní kò ju kí òun súnmọ́ wọn díẹ̀ lọ. Ó ní gbogbo èèyàn ló rántí àwòrán tí Dókítà Eyín yà lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún un, àti bí òun, alága wọn, ò ṣe ní ẹyọ kan tí òun lè fi hàn. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ pé alága ẹgbẹ́ ló rú òfin, kò sí ibi kankan tí wọ́n tún máa jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà wọ̀ mọ́. Ó ní kí ó fara balẹ̀, òun mọ èèyàn, òun á bá ọmọ náà wá iṣẹ́ mìíràn.

Òótọ́ ni pé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, fóònù rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́. Ìyá Ìbejì mọ̀ ọ́n. Òun ló ń rí i bó ṣe máa ń múra láàárọ̀ láìsí ibi tó ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe alága, inú rẹ̀ dùn fún un débi pé ó ra fìlà aláwọ̀ ewé náà. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ló ń rí lójú báyìí, bó ṣe wo ilẹ̀, àti ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó lóyún, tí wọ́n jọ ń yọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé wọ́n mú un kúrò nídìí gígé koríko, ìjọba gbà á síṣẹ́ tààrà.

"Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún yín," ó ní, "ta ló ń gbé yín lọ sílé ìtọ̀?"

"Ìyá Ìbejì, rọra sọ̀rọ̀."

"Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ìbejì wà nílé ìwé. Ta ló ń wẹ̀ yín? Ta ló ń sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín?"

"Mi ò sọ pé kò ṣe é," ni ọkọ rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ ti le díẹ̀. "Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ ṣì le, yóò rí iṣẹ́ mìíràn. Èmi, orúkọ yìí ló kù mí kù."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu. Ohun tó gbé Ìyá Ìbejì dìde nìyẹn. Ó gba orí itan ọkọ rẹ̀ kọjá, kò dúró kí ó yẹra, ó lọ síwájú bọ́ọ̀sì, ó ní kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ wo Alága. Ìyá Ìbejì ní òun ló ń bá a sọ̀rọ̀. Awakọ̀ pa á.

Ó kọjú sí wọn. Ó ní òun fẹ́ padà lọ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá yẹn, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé wọ́n á ní nítorí pé àbúrò òun ni. Nítorí náà òun ń wá ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí.

"Nínú ahéré yẹn," ó ní, "gbogbo yín lẹ ní awò lójú. Ta ló rí fìlà?"

Ẹnì kan wúkọ́. Obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́ kí ó jókòó, pé irú ọ̀rọ̀ báyìí, inú ilé ni tọkọtaya ti ń sọ ọ́. Ìyá Ìbejì ní nínú ilé wo? Ṣé inú ilé ni àbúrò òun ti kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ni? Ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì, wọ́n sì ń wo ìta, wọ́n ń wo bàtà wọn. Àwọn tó lè wo ẹyẹ láti òdìkejì omi kí wọ́n sọ àwọ̀ ojúgun rẹ̀.

Dókítà Eyín ló dìde nígbẹ̀yìn. Ó lọ́ra. "Mo rí i," ó ní. "Mo sì rí i pé kò sẹ́ni tó ṣíwájú rẹ̀. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni."

Alága ní ohun tí Dókítà ti ń wá látọjọ́ yìí náà nìyẹn, pé kí ipò alága bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Dókítà mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé Ìyá Ìbejì sọ̀kalẹ̀.

Wọ́n bá àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ọ́fíìsì, ó ń dorí bàtà rọ́bà rẹ̀ kodò kí omi ẹrẹ̀ lè jáde. Bí ó ṣe rí wọn, ó dìde.

"Ẹ padà sínú bọ́ọ̀sì, Àǹtí mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí."

"Ta ló rán ọ?" ni Ìyá Ìbejì bi í.

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ta ló rán ọ pé kó o gbé e rù? Ṣé mo rán ọ ni?"

Àbúrò rẹ̀ wo Dókítà Eyín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní bí òun bá pe ọkọ rẹ̀ ní òpùrọ́ níwájú gbogbo wọn, kí ni Àǹtí òun máa bá pàdé nílé? Ó ní ilé rẹ̀ ni òun ń rò.

"Ilé mi kì í ṣe ìwọ lo máa bá mi rò ó," ó ní. "Ọkọ mi ní òun ń gba orúkọ là, ìwọ ní ò ń gba ilé là, ẹ̀yin méjèèjì ti jọ ṣe ìpàdé lórí mi, kò sẹ́ni tó bi mí. Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ìwọ tó o fẹ́ gba ilé mi là, tìrẹ ńkọ́?"

Omi kún ojú àbúrò rẹ̀, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Dókítà má bàa rí i. Ìyá Ìbejì fẹ́ fà á mọ́ra, ó tún fẹ́ gbá a létí, kò ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Ọ̀gá náà gbọ́ wọn tán láìdá wọn lẹ́nu. Ó bi Dókítà ní ìbéèrè díẹ̀, ibi tó jókòó sí, ohun tó rí, ẹni tó kọ́kọ́ fun fèrè. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ìyá Ìbejì.

"Ẹ mọ̀ pé ọkọ yín lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mà."

Ọ̀gá náà pe àbúrò rẹ̀ wọlé. Kò sọ fún un pé kí ó jókòó. Ó ní ti okùn, ó kọjá okùn láti yọ èèyàn nínú ẹrẹ̀, òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun bi í léèrè ọ̀rọ̀ lójúkojú, ó sì purọ́ fún òun, òun tó fọwọ́ sí ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ìyẹn ò ní lọ báyẹn; ó máa kúrò lẹ́nu gẹ́ẹ̀tì, ó máa padà sídìí gígé koríko títí òun á fi mọ bí òun ṣe lè gbà á gbọ́. Ti ẹgbẹ́ wọn, kò ní wọ ibẹ̀ mọ́, orúkọ alága wọn ni òun máa fi ránṣẹ́ sókè. Ó sọ káàdì iṣẹ́ náà padà sórí tábìlì.

Ìyá Ìbejì dúpẹ́. Ó bi í bóyá nǹkan kan wà tí èèyàn lè ṣe fún àwọn ẹyin tó kù.

"Kò sí," ni ọ̀gá náà wí, ìbínú tirẹ̀ sì hàn nínú ohùn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí a bá lọ lé kannakánná, àwọn ìyá wọn ò ní padà. Ká dákẹ́ ni. Bí gbogbo yín bá lè dákẹ́, bóyá díẹ̀ nínú wọn á padà."

Dókítà Eyín lọ sínú bọ́ọ̀sì. Ìyá Ìbejì kò lọ. Ó tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ padà sínú ahéré onípákó, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àyè fífẹ̀ wà láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ ké. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá ògiri pákó náà. Ṣùgbọ́n ariwo kékeré kan lè bà á jẹ́, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra lórí itan, ó ń mí láti imú. Lókè, àwọn ẹyẹ funfun náà ń yí po, wọ́n ń yí po, wọn ò balẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, ọ̀kan balẹ̀ sórí igi tó jìnnà jù. Òmíràn balẹ̀ tì í. Ìgbà náà ni pákó dún lẹ́yìn wọn. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ lára. Ó ní bọ́ọ̀sì ń dúró, ebi ń pa àwọn èèyàn. Ó ní ó ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, kí wọ́n máa lọ sílé báyìí, kí wọ́n lọ jókòó bí àgbàlagbà, kí wọ́n sọ ọ́.

"Rọra sọ̀rọ̀," ni Ìyá Ìbejì wí, kò gbé ojú kúrò lára ihò náà. "Wọ́n ń padà."

"Ṣé o ò bá wa lọ ni?"

"Mi ò lọ. Máa lọ. Sọ fún awakọ̀ kó máa wà á lọ."

Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkùnrin yìí, kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láìlo "ẹ" rí, ì báà jẹ́ nínú ìjà, ì báà jẹ́ nínú ìrora ìrọbí. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ó wo àbúrò ìyàwó rẹ̀ bóyá òun náà gbọ́. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń wo omi.

"Ìgbà wo lo máa wálé?" ló bèèrè nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀ jù bó ṣe fẹ́ lọ.

"Ọjọ́ tí mo bá lè bá ọ sọ ọ́ láìpariwo. Kì í ṣe òní."

Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ yíjú. Lẹ́yìn náà ni pákó tún dún, ó dún, ó dẹ́kun. Wọ́n gbọ́ tí bọ́ọ̀sì gbéra lẹ́bàá gẹ́ẹ̀tì.

Àbúrò rẹ̀ sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì. Ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ìyàwó òun á tẹ́ ibùsùn sí pálọ̀ fún un. Ìyá Ìbejì mi orí pé òun gbà. Lórí erékùṣù, ẹyẹ kan sọ̀kalẹ̀ sétí ìtẹ́ rẹ̀, ó tẹ orí wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò jókòó, kò sì fò lọ.